Bí a ṣe ń wo ilé àtijọ́ ní Filipínì: láti Intramuros dé Vigan

Àlejò lójú, kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ wo ilé àtijọ́ ní Manila ṣe rí. Wọ́n á wọ Intramuros, ìlú olódi àtijọ́ inú Manila, láàárọ̀, wọ́n á ya fọ́tò lára gbogbo ògiri tó bá ti hewú, wọ́n á sì jáde lọ́sàn-án láìmọ èyí tó ti wà láti ọ̀rúndún mẹ́rin sẹ́yìn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún sí ìsinsìnyí.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wo ohun tó ṣẹ́ kù láti ayé ìṣàkóso Sípéènì (1565 sí 1898) àti ti Amẹ́ríkà tó tẹ̀lé e títí di 1946 ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ilé ibùgbé ni mo ní kí ẹ fún ní àkókò jù, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi gbogbo ẹwà rẹ̀ han ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Ilé gbígbé ní tirẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó wò.

1. Ìwé, àsìkò, owó

Ẹni tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà yóò gba físà kó tó gbéra; ẹ́ńbásì Filipínì wà ní Àbújá. Àwọn ará ilé wa tó ní pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba tàbí ti Amẹ́ríkà lè wọlé fún ọgbọ̀n ọjọ́ láìgba físà. Gbogbo èrò ọkọ̀ òfúrufú ló ń kọ orúkọ sílẹ̀ lórí eTravel ti ìjọba kí wọ́n tó dé. Ọ̀fẹ́ ni. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ní kí ẹ sanwó fún un, gbájúẹ̀ ni. Ẹ mú yẹ́lò káàdì yín dání, nítorí wọ́n lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ilẹ̀ wa tàbí Bẹ̀nẹ̀ wá.

Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹrin ni ilẹ̀ máa ń gbẹ jù ní Manila àti Vigan. Láti oṣù Kẹfà lọ, òjò ni, ìjì líle sì lè ti pápákọ̀ òfúrufú pa lọ́jọ́ tí ẹ ò retí. Ẹ ṣọ́ra fún Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ṣáájú Àjíǹde: láti Ọjọ́bọ̀ rẹ̀ ni mùsíọ́mù á ti tì, gbogbo Manila á sì kó sọ́nà lọ sí ìlú bàbá wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìtolọ́wọ̀ọ́wọ́ àwọn ère ẹni mímọ́ lẹ fẹ́ wò, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì ti gba yàrá sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ẹ ṣẹ́ owó péésò sí wẹ́wẹ́. Ilé àtijọ́ ní ìlú kékeré kì í gba káàdì, ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì kì í sì sábà ní ṣéńjì.

2. Ẹ yan ìlú méjì, ó tó

Erékùṣù tó wà ní Filipínì lé ní ẹgbẹ̀rún méje. Ẹni tó bá fẹ́ rí Manila, Vigan, Taal, Cebu, Iloilo àti Silay lọ́sẹ̀ kan, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ mú Manila, kẹ́ ẹ sì fi ìlú kan ṣoṣo kún un. Vigan ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí òpópónà odidi ló ṣẹ́ kù níbẹ̀; níbòmíràn, ilé kan níbí, ilé kan lọ́hùn-ún ni. Ẹni tí kò bá lè sùn níta Manila lè lọ sí Taal ní Batangas kó sì padà lọ́jọ́ kan náà, tó bá tètè jí.

3. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń wo ilé kí ẹ tó wọ èyíkéyìí

Ilé olówó ayé ìgbà náà ni wọ́n ń pè ní bahay na bato, ìyẹn ilé olókùúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi ni ìdajì rẹ̀. Ẹ má tíì wọlé. Ẹ dúró sí òdìkejì títì, kí ẹ wò ó láti ilẹ̀ lọ sókè.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, irin sì wà lójú fèrèsé náà. Ní àyíká Manila, òkúta rírọ̀ tí òkè ayọnáyèéfín bí ni wọ́n fi mọ ọ́n, adobe ni wọ́n ń pè é. Ní Ilocos níbi tí Vigan wà, bíríkì ni. Ní Cebu àti Bohol, inú òkun ni wọ́n ti gé òkúta náà: ẹ sún mọ́ ògiri ibi tí ẹfun rẹ̀ ti ṣí, ẹ óò rí ihò wínníwínní àti ojú iyùn òkun nínú rẹ̀ kedere. Òkè ilé ní tirẹ̀ jẹ́ pákó, fèrèsé tò lọ láti igun dé igun, ó sì yọ sórí títì díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ.

Àṣírí ilé yìí nìyí: ògiri òkúta ìsàlẹ̀ yẹn kọ́ ló gbé òkè dúró. Òpó igi líle bíi molave, tó ti ilẹ̀ lọ dé abẹ́ òrùlé, ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún ìsàlẹ̀ ilé ni òkúta. Ìmìtìtì ilẹ̀ ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Àwọn ará Sípéènì ti kọ́kọ́ kọ́ ilé olókùúta látòkè délẹ̀ bíi ti ìlú wọn, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mì ní Manila lọ́dún 1645, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló wó lé àwọn onílé lórí. Òpó igi ní tirẹ̀ máa ń mì pẹ̀lú ilẹ̀ ni. Òkúta lè ya, òrùlé á ṣì wà lókè. Ilé onípákó àti oparun tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń gbé sórí ìtí igi kí Sípéènì tó dé ló bí ọgbọ́n yìí, àwọn kọ́lékọ́lé ọmọ Ṣáínà sì fi ọwọ́ tiwọn kún un. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń pè é ní ilé Sípéènì, orúkọ yàrá nìkan ló fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti Sípéènì.

Ẹ wo òrùlé. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú páànù. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 1863 àti ti 1880 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún òrùlé amọ̀ sísun tó wúwo, wọ́n sì gba páànù. Páànù lórí ilé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe àtúnṣe olówó pọ́ọ́kú, ara ìtàn rẹ̀ ni.

Ó wá ku fèrèsé, níbi tí mo ti lè dúró fún wákàtí kan. Gíláàsì kọ́ ni ẹ ń wò. Ìkarahun pẹlẹbẹ ẹran omi kan tó ń jẹ́ capiz ni wọ́n gé ní igun mẹ́rin kéékèèké, tí wọ́n tò sínú férémù igi bí ojú àwọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú rẹ̀ wọlé, ooru rẹ̀ á sì kù síta. Lọ́sàn-án, yàrá á mọ́ bí ìgbà tí ìkùukùu fúyẹ́ bo oòrùn. Orí kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú igi ni férémù yìí ń yọ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì, kì í ṣe pé ó ń ṣí síta. Lábẹ́ rẹ̀ ni fèrèsé kékeré mìíràn wà, ventanilla, tó ní ọ̀pá igi tàbí irin níwájú. Bí wọ́n bá ti ńlá pa lóru, kékeré á wà ní ṣíṣí, afẹ́fẹ́ á wọlé, olè ò ní lè wọlé. Ibẹ̀ náà sì ni ọmọdé máa ń jókòó sí wo títì.

Ó wá tó àkókò láti wọlé. Ẹnu ọ̀nà ńlá ìsàlẹ̀ já sí zaguan, ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹṣin sí, àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé ère ẹni mímọ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún. Àwọn ilé mìíràn ní yàrá kan láàárín ìsàlẹ̀ àti òkè, entresuelo. Ibẹ̀ ni baálé ti ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ rẹ̀. Kò pè wọ́n gòkè. Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, caida ni àlejò kọ́kọ́ ń bá, kó tó di sala, pálọ̀ ńlá. Ibi tí wọ́n bá dá ẹ dúró sí ni wàá fi mọ iye tí wọ́n kà ẹ́ sí nínú ilé yẹn. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ máa bi ara yín léèrè ibi tí wọn ì bá ti dá ẹ̀yin dúró.

Ní sala, ẹ gbójú sókè wo igi tí wọ́n gbẹ́ ní ihò ihò lórí ògiri tó pààlà yàrá. Afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Ẹ wolẹ̀ pẹ̀lú: pákó narra tó fẹ̀, tó gùn, láìsí ìsopọ̀, owó gọbọi ni nígbà yẹn. Èèpo àgbọn tí wọ́n gé sí méjì ni wọ́n fi ń dán an, ẹsẹ̀ kan lórí èèpo, wọ́n á máa fi gbọ́ ilẹ̀ síwá sẹ́yìn títí yóò fi máa kọ mànà. Nínú àwọn ilé kan, èèpo náà ṣì wà ní kọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Ẹ má padà láìdé ilé ìdáná. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń mú àlejò yíká máa ń fò ó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wá banggera, àkójọ ọ̀pá igi tó yọ síta lójú fèrèsé, tí wọ́n ń da ife àti àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ dé sí kí omi wọn gbẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni azotea, àgbàlá òkè tí kò ní òrùlé, àti kànga aljibe tó ń gba omi òjò.

4. Intramuros: ọjọ́ kan gbáko

Intramuros ni Manila tí Legazpi, olórí àwọn ará Sípéènì, dá sílẹ̀ lọ́dún 1571, ìlú tí ògiri yí ká. Láàárín oṣù Kejì àti oṣù Kẹta 1945, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Jàpáánù ń jà nínú Manila, nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún aráàlú ló kú, Intramuros sì di òkìtì. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì méje inú ògiri, San Agustin nìkan ló dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń rìn, kó má baà yà yín lẹ́nu pé ìlú àtijọ́ ní ààyè òfìfo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ló máa ń tì. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Fort Santiago kí oòrùn tó mú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti José Rizal, òǹkọ̀wé tó di akọni orílẹ̀-èdè náà, mọ́lé kí wọ́n tó yìnbọn pa á ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 1896. Wọ́n to ipasẹ̀ bàbà sílẹ̀ láti àhámọ́ rẹ̀ lọ sọ́nà ibi tí wọ́n ti pa á. Ẹ tẹ̀ lé e, kí ẹ sì wo bí ìṣísẹ̀ náà ti kúrú tó: ènìyàn kúkúrú ni. Nítòsí ibẹ̀ ni àgbélébùú funfun wà lórí sàréè nǹkan bí 600 ènìyàn tí wọ́n bá òkú wọn nínú àjà ilẹ̀ lọ́dún 1945.

Láti ibẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí San Agustin, tí wọ́n parí lọ́dún 1607. Ilé ìṣọ́ agogo kan ṣoṣo ló ní. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1880 ló la èkejì, wọ́n sì wó o kúrò. Níta, ẹ óò rí kìnnìún òkúta tí ọwọ́ Ṣáínà hàn lára rẹ̀. Nínú, ẹ wo àjà òkè: gbogbo òdòdó àti iṣẹ́ ọnà tó dà bí ohun tí wọ́n gbẹ́, ọ̀dà lásán ni, tí àwọn ọmọ Ítálì méjì kùn lọ́dún 1875. Ẹ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tún wò ó, ojú yín á já a. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì mùsíọ́mù tó wà nínú ilé àwọn àlùfáà, torí òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn lè rọra wo nǹkan, kó sì gòkè lọ sí ibi akọrin. Ìgbéyàwó pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí ẹ kò sì ní ráyè wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Casa Manila wà ní òdìkejì títì. Ibẹ̀ dára fún kíkọ́ orúkọ yàrá, nítorí ohun gbogbo tí mo kà sókè yìí ló wà níbẹ̀ létòlétò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé àtijọ́. Láyé ààrẹ Marcos, ní àwọn ọdún 1980, ni wọ́n kọ́ ọ. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, ẹ gun orí ògiri ìlú, ó tutù níbẹ̀.

Ẹ fi National Museum sí ọjọ́ kejì. Láti 2016 ni wíwọlé ti di ọ̀fẹ́. Ilé aṣòfin àtijọ́ láyé Amẹ́ríkà ni ti iṣẹ́ ọnà wà, òpó gàgàrà níwájú, Spoliarium, àwòrán ńlá tí Juan Luna fi gba góòlù ní Madrid lọ́dún 1884 sì kún odidi ògiri gbọ̀ngàn. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì le, ẹ dé Quiapo wo ṣọ́ọ̀ṣì San Sebastian ti 1891. Irin ni gbogbo rẹ̀, Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti rọ ọ́ tí wọ́n fi kó o wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n rò pé irin ò ní gbà fún ìmìtìtì ilẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ìpẹtà ni kò jẹ́ kó gbádùn.

5. Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi gbogbo ilé

Ṣé ibí yìí ni wọ́n kọ́ ọ sí? Mélòó nínú rẹ̀ ló jẹ́ ti àkọ́kọ́? Ta ló ń gbé inú rẹ̀, ta ló sì ń sìnrú fún onílé náà?

Ilé Rizal tó wà ní Calamba, àtúnkọ́ lẹ́yìn ogun ni. Las Casas Filipinas de Acuzar ní Bagac, Bataan, ní ojúlówó ilé, ṣùgbọ́n wọ́n tú wọn palẹ̀ níbòmíràn ni, wọ́n sì tún wọn tò sí etí òkun. Ọ̀rọ̀ Las Casas le. Àwọn kan ní bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé wọ̀nyẹn ì bá ti wó dànù, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ilé tó ti jáde kúrò ní Binondo, àdúgbò kan ní Manila, tí kò gbọ́ ariwo ọjà mọ́, tí ìgbì òkun ń lù létí ilé ìtura, ní tèmi, ó ti pàdánù ìdajì ohun tó ní í sọ. Tí ẹ bá lọ, ẹ béèrè ìlú tí ilé kọ̀ọ̀kan ti wá.

Fún ìdáhùn kíákíá, ẹ wá àwo irin dúdú tí ìjọba máa ń kàn mọ́ ilé onítàn. Èdè Filipino ni wọ́n sábà fi kọ ọ́. Ẹ ya á, kí fóònù túmọ̀ rẹ̀. Ilé tí kò ní àwo kò túmọ̀ sí pé kò já mọ́ nǹkan: òfin 2009 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbà pé ilé tó bá ti pé àádọ́ta ọdún yẹ ní ìdáàbòbò títí ẹnì kan yóò fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

6. Vigan

Bọ́ọ̀sì òru láti Manila máa ń gba bíi wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ mú aṣọ òtútù, ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lè bá ọkọ̀ òfúrufú dé Laoag, kó wá wọ ọkọ̀ wá sísàlẹ̀.

Ẹ sùn nínú ilé àtijọ́ kan; ọ̀pọ̀ ló ti di ilé ìtura. Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, ẹ ti wà ní Calle Crisologo. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹṣin nìkan ni. Bí àwọn oníṣòwò bá ti pàtẹ ní aago mẹ́sàn-án, ọjà ni ẹ óò máa wò, ẹ ò ní rí ilé mọ́. Ọmọ Ṣáínà àti Filipínì tó rí owó nínú òwò ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìlú náà yọ nínú ogun, UNESCO sì fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé lọ́dún 1999. Ìmìtìtì ilẹ̀ ti oṣù Keje 2022 ya ògiri púpọ̀, nítorí náà bí ẹ bá bá ilé kan tí wọ́n tì pa, ẹ má bá aṣọ́nà jà.

Nínú ilé tó ń gba àlejò, Syquia ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀: ilé ẹbí ìyàwó Elpidio Quirino tó di ààrẹ, àga wọn ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí. Nínú mùsíọ́mù ìjọba, ẹ béèrè àwòrán 14 tí Esteban Villanueva kùn lọ́dún 1821, lórí ọ̀tẹ̀ tí àwọn ará Ilocos dì lọ́dún 1807 nígbà tí Sípéènì ní kí wọ́n má pọn ọtí ìrèké tiwọn mọ́. Ẹ wo ojú ọ̀run inú àwòrán náà dáadáa, ìràwọ̀ onírù kan wà níbẹ̀.

Ẹ dúnàádúrà pẹ̀lú oníkẹ̀kẹ́ ẹṣin kí ẹ tó gòkè, iye wákàtí kan, kì í ṣe iye ibi. Ṣọ́ọ̀ṣì Paoay lápá àríwá àti Santa Maria lápá gúúsù ṣeé fi ọkọ̀ kan náà dé. Paoay ni kẹ́ ẹ mú tó bá jẹ́ ọ̀kan ni, nítorí àwọn òkìtì òkúta ràgàjì tí wọ́n fi ti ògiri rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má wó bí ilẹ̀ bá mì.

7. Ìwà nínú ilé onílé

Tí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí tí ẹ ò rí ẹnikẹ́ni, “Tao po!” ni wọ́n ń ké níbẹ̀ bí àwa ti ń ké àgò. “Po” yẹn ni ọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ fi sí gbogbo ìkíni. Ẹ bọ́ bàtà láìdúró kí wọ́n sọ. Gogoro bàtà obìnrin máa ń lu pákó narra ní ihò. Ẹ má jókòó lórí àga tí wọ́n na okùn sí, ẹ má fọwọ́ kan capiz, ẹ pa iná fóònù kí ẹ tó ya fọ́tò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí èjìká àti orúnkún wà nínú aṣọ. Bí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó tàbí kí ẹ jáde.

8. Bí ọjọ́ bá ṣì ṣẹ́ kù

Taal: ilé Marcela Agoncillo, obìnrin tó ran àsíá àkọ́kọ́ ní Hong Kong lọ́dún 1898, àti Casa Villavicencio. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà tóbi débi pé ẹ óò máa wá ibi tí ẹ óò dúró sí kí gbogbo rẹ̀ lè wọ fọ́tò.

Silay ní erékùṣù Negros: ìlú àwọn olówó ìrèké. Balay Negrense ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ní Talisay nítòsí ibẹ̀ ni ilé Mariano Lacson wà, èyí tí àwọn ajagun abẹ́lé dáná sun kí Jàpáánù má baà fi ṣe ibùdó. Igi inú rẹ̀ jó tán, ògiri àti òpó rẹ̀ ṣì wà lóòró. Àṣálẹ́ ni kẹ́ ẹ dé ibẹ̀.

Ní àwọn ìlú kékeré wọ̀nyí, ọmọ ẹbí ló ń pa ọ̀pọ̀ ilé mọ́. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù tàbí kí ẹ kọ̀wé sí wọn ní ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, kí ẹ sọ iye ènìyàn tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ní owó ìwọlé kò sí, àpótí ọrẹ á wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni wọ́n fi ń ra páànù.